Àgbẹ̀dẹ àti Sípánà

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ bá yọnu ní Ìgàngàn, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ẹ óo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ́ńjìnì náà mu. Nọ́ọ̀tì tó de sítátà lè fara sin sẹ́yìn páìpù débi pé sípánà gbọọrọ kò ní dé ibẹ̀. Ìka lè kàn án, ṣùgbọ́n ìka kò lè tú u.

Nígbà náà ni mẹ́káníkì yóò mú ògbólógbòó sípánà tó bá nọ́ọ̀tì náà mu lọ sí àgbẹ̀dẹ. Wọn óo fi ẹwìrì fín iná títí ọrùn irin náà óo fi pọ́n, wọn óo tẹ̀ ẹ́ bí ìkọ́, wọn óo sì gé ìdí rẹ̀ kúrú. Ọgbọ́n wà níbẹ̀ o. Irin líle tó gbóná tí a tì bọ omi lójijì a máa dá bí ìkòkò. Èyí tí a fi sílẹ̀ kó tutù díẹ̀díẹ̀ a máa rọ̀. Nítorí náà wọ́n á fi aṣọ tútù wé ẹnu sípánà kí iná má bàa rà á. Ẹnu tó bá rọ̀ yóò yọ̀ lára nọ́ọ̀tì, yóò sì bó ẹni lọ́wọ́.

Ọgbọ́n iná àti irin ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa kí mọ́tò tó dé. Ní 1904, C. V. Bellamy, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, tẹ ìròyìn jáde nípa Ola Igbi lẹ́bàá Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń fi èédú àti ìléru amọ̀ yọ irin láti inú òkúta. Ṣùgbọ́n ojú irin ti dé Ìbàdàn ní 1901, irin òkè òkun sì ń wọlé, owó rẹ̀ kò tó ti ìléru. Díẹ̀díẹ̀ ni iná ìléru kú.

Iná àgbẹ̀dẹ kò kú. Irin àjèjì ni wọ́n fi ń rọ ọkọ́. Nígbà tí mọ́tò pọ̀ lójú ọ̀nà, sípíríǹgì ọkọ̀ tó bàjẹ́ di àdá. Ọwọ́ kan náà ló wá ń tẹ sípánà. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Ẹni tó ṣe sípánà ọjà kò rí ọkọ̀ tó kú sí Ìgàngàn. Alágbẹ̀dẹ rí i, ó sì wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí àgbẹ̀dẹ, kí wọ́n bèèrè, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìléru ti kọjá lọ. Àwọn tó mọ ti àgbẹ̀dẹ ṣì wà, wọ́n sì lè dáhùn.