Èjìgbò Wo Ni Lẹ́tà Yìí Ń Lọ?

Èjìgbò méjì ló wà. Ọ̀kan wà láàárín Ìsọlọ̀ àti Ìkòtún ní ìpínlẹ̀ Èkó. Èkejì wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ kún Àbíjáánì bí ẹni wà nílé. Ẹni tó ń wọ dánfó kò lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹni tó ń kó àpòòwé àtijọ́ jọ lè ṣì í mú, owó rẹ̀ sì lè bá a lọ.

Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ni Èjìgbò méjèèjì wà. Ìgboro Èkó ni wọ́n yọ sọ́tọ̀ ní 1954 fún ìjọba àpapọ̀. Agbègbè Ìkẹjà, tí Èjìgbò ti Èkó wà nínú rẹ̀, kù sábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn. Nítorí náà, àpòòwé tí wọ́n kọ "Ejigbo, Western Region" sí lára lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Via" tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e ló máa ń là á: ẹni tó gba Òṣogbo kò gba Mushin. Bó bá jẹ́ "Oyo State" ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú: Èjìgbò ti Ọ̀ṣun ni, wọ́n sì kọ ọ́ lẹ́yìn 1976 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ṣáájú 1991 tí Ọ̀ṣun ya kúrò lára rẹ̀.

Irú àyẹ̀wò báyìí ni iṣẹ́ àwọn tó ń díye lé ìwé ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ. Àwọn tó ń díye lé ìwé yìí yàtọ̀: ìwé tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ti tẹ owó sí lára kó tó tà á ni wọ́n ń wá, bíi káàdì, àpòòwé rẹ́jísítà, àti lẹ́tà òfuurufú aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń ká pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì dán an wò ní 1840 pẹ̀lú àpòòwé tí Mulready ya àwòrán sí. Àwọn ará ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìjọba fi kó o kúrò nílẹ̀. Austria-Hungary ló mú ti káàdì wáyé, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 1869.

Ní Èkó, ọdún 1852 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọdún kan náà tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Macgregor Laird bẹ̀rẹ̀ sí í kó lẹ́tà bọ̀ láti ìlú òyìnbó lóṣooṣù. Sítáǹpù Èkó àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà 1874, pẹ̀lú orí Ọbabìnrin Victoria. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé fúnra rẹ̀ jẹ́ kàlẹ́ńdà: "Lagos" títí di 1906 tí wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù, lẹ́yìn náà "Southern Nigeria", lẹ́yìn náà "Nigeria" láti 1914. Ti owó gba ìṣọ́ra díẹ̀. Kọ́bọ̀ ni Yorùbá ń pe pẹ́nì tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó sọ ọ́ di orúkọ owó ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, nítorí náà bí àgbàlagbà bá ní kọ́bọ̀ méjì lòun rà á, kí ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé iye náà: "d" (ti pẹ́nì) ni tàbí "k" (ti kọ́bọ̀)?

Àpòòwé rẹ́jísítà lẹ́wà lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n fi aṣọ lẹ inú rẹ̀ kó má baà ya, wọ́n sì fi ìlà búlúù dábùú rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n fi okùn dì. Owó rẹ́jísítà ti wà lára rẹ̀, owó lẹ́tà ló kù tí wọn yóò fi sítáǹpù san. Nínú rẹ̀ ni owó ilé-ìwé, ìwé ilẹ̀ àti sáàfíkéètì máa ń gbà rìnrìn-àjò.

Lẹ́tà òfuurufú dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìráàkì ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde, ní 1933. Ọkọ̀ òfuurufú Imperial Airways sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà dé Èkó ní 1936. Ewé kan ṣoṣo ni lẹ́tà òfuurufú, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun sínú rẹ̀, àwọn ọmọ tó lọ kàwé lókè òkun sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ dé etí ìwé.

Lóde òní, ìlú òyìnbó ni ìmọ̀ nípa ìwé wọ̀nyí pọ̀ sí jù. Láti 1950 ni ẹgbẹ́ West Africa Study Circle ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tẹ ìwé ńlá Ince àti Sacher lórí ìfìwéránṣẹ́ agbègbè Nàìjíríà jáde ní 1992. Ẹnikẹ́ni kò jí àwọn lẹ́tà náà. Lẹ́tà tó lọ sí London, London ló ń gbé. Èyí tó kù nílé ni èyí tó wọlé, àti lẹ́tà abẹ́lé tí kò ré òkun kọjá rí, láti Abẹ́òkúta sí Mushin, láti Ìjẹ̀bú sí Ìsọlọ̀. Irú ìyẹn ni kò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Òun gan-an ló sì wà nínú àpótí irin lábẹ́ ibùsùn, títí kan àwọn ilé Jákàńdè ní Òkè-Àfà, láti ayé ìgbà tí ẹ̀rọ GSM kò tíì dé ní 2001.

Àwọn tó ń díye lé e máa ń wo òǹtẹ̀: ṣé ọjọ́ àti orúkọ ìlú hàn? Òǹtẹ̀ ìlú kékeré lè níyì ju ti Èkó lọ. Ìwé tó rìn sábà máa ń sàn ju èyí tó jókòó sínú dúrọ́ọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí wọ́n tẹ "SPECIMEN" sí, tí ẹgbẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé pín fún àwọn orílẹ̀-èdè, ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀. Ikán, ọ̀rinrin àti sẹ́lótéèpù máa ń dín iye kù. Sísọ́ọ̀sì ló burú jù. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ayé àtijọ́ gé igun tí owó wà, wọ́n sì ju ìyókù nù. Àti òǹtẹ̀, àti àdírẹ́sì, àti "via", gbogbo rẹ̀ ló bá ilẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ń palẹ̀ àpótí bàbá tàbí ìyá yín mọ́, ẹ fi lẹ́tà sínú àpòòwé tó bá wá, kí ẹ sì jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ pé.