Nígbà Tí Ọtí àti Òògùn Olóró Bá Da Ọpọlọ Rú: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ìjọ Mọ̀

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń mú ọmọ tàbí ọkọ tí ọtí tàbí òògùn olóró ti da orí rẹ̀ rú wá sí ilé àdúrà kí wọ́n tó ronú kan ilé ìwòsàn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé àìsàn yìí fún ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, nítorí pé àìmọ̀ nípa rẹ̀ lè gba ẹ̀mí ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn Àmì Rẹ̀

Ẹni náà lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí kí ó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Ó lè gbàgbọ́ pé àwọn aládùúgbò ń ṣọ́ òun, tàbí pé ìyàwó òun ti fi májèlé sínú oúnjẹ. Kì í lè sùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa, nítorí pé lójú tirẹ̀ òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bíbá a jiyàn kò ṣe é ní àǹfààní kankan.

Àwọn Ohun Tí Ó Ń Fà Á

Ìwádìí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 2018, tí àjọ UN ṣe ìrànwọ́ fún, fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn, láti ẹni ọdún 15 sí 64, ni ó lo òògùn olóró láàárín ọdún kan. Igbó ni ó pọ̀ jù lọ, apá Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù, ilẹ̀ tiwa, ni ó sì ga jù, pẹ̀lú ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mu igbó ni orí rẹ̀ ń dàrú. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ẹni tí ó ń mu ún lójoojúmọ́, àti ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìdílé rẹ̀. Ní 1987, a tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí a mú wọ iṣẹ́ ológun ní Sweden, tí iye wọn ju 45,000 lọ. Àwọn tí ó ti mu igbó ju ìgbà 50 lọ kí wọ́n tó wọṣẹ́ ní àrùn ọpọlọ líle ní ìlọ́po mẹ́fà ju àwọn tí kò mu ún rí. Èyí tí a ń pè ní mkpuru mmiri náà lè mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn, kí ó sì máa fura sí gbogbo ayé.

Ewu Ọjọ́ Kẹta

Ti ọtí yàtọ̀. Ọtí a máa fa ọpọlọ sẹ́yìn, ọpọlọ ọ̀mùtí a sì máa sáré kíkankíkan kí ó lè bá a dọ́gba. Bí a bá mú ọtí kúrò lójijì, eré náà kò ní ìjánu mọ́. Ọwọ́ gbígbọ̀n, òógùn àti àìsùn ni ó máa ń ṣáájú. Gìrì lè tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ẹni náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí kòkòrò àti ẹranko lára ògiri, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ó má sì mọ ibi tí ó wà mọ́. Èyí lè pa ènìyàn.

Ẹ wo bí ó ti rí nígbà tí a bá mú ọ̀mùtí ọlọ́jọ́ pípẹ́ lọ sí orí òkè àdúrà, tí a gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, tí a sì ní kí ó gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ń pariwo pé òun rí nǹkan, àwọn ará sì gbà pé ẹ̀mí èṣù ni ó ń fara hàn. Ààwẹ̀ náà tún ń dín fítámì B1 kù, èyí tí ó sábà máa ń ṣaláìtó lára ọ̀mùtí. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a sáré gbé e lọ. Dókítà ní òògùn tí yóò mú ara rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí dókítà.

Ohun Tí A Lè Ṣe

Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ mú ohun mímú ṣinṣin kúrò nítòsí, ẹ má sì ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì ṣe dè é ní ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch ròyìn pé a ń de àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní Nàìjíríà, títí kan ilé àdúrà àwọn Kristẹni. Àbùkù ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Ní Oṣù Kìíní 2023, ìjọba fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin àtijọ́ nípa àwọn wèrè.

Bí ẹni náà bá jáwọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni orí rẹ̀ máa ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí oṣù kan. Ṣùgbọ́n ìwádìí fi hàn pé bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó padà ń ní àrùn ọpọlọ tí ó máa ń pẹ́. Nítorí náà, kò yẹ kí a dá òògùn dókítà dúró nítorí pé ẹni náà ti jẹ́rìí nínú ìjọ.

Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti fi hàn ní Arò, ní Abẹ́òkúta, pé aláìsàn ọpọlọ lè máa gbé láàárín ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, nígbà tí ó ń gba ìtọ́jú. Àyè ìjọ nìyẹn: kí a máa gbàdúrà fún un, kí a bá a lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ tí dókítà dá, kí a sì wá iṣẹ́ tí yóò máa ṣe nígbà tí ó bá padà dé.