Erédò Sùńgbọ́ àti Ibojì Òkè-Ẹ̀rí

Ẹni tí ó bá gba Mowé kọjá sí Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde ti súnmọ́ iṣẹ́ ńlá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Owódé kò tíì fi ojú rí. Erédò Sùńgbọ́ ni, yàrà òun odi tí àwọn ará ìgbàanì gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 100 máìlì. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó nǹkan bí 60 ẹsẹ̀ bàtà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, òjìji igi bò wá mọ́lẹ̀, ògiri méjèèjì sì tutù.

Àwọn ará Ìjẹ̀bú a máa wí pé Bilikísù Sùńgbọ́, opó ọlọ́rọ̀ kan tí kò bímọ, ni ó ní kí a gbẹ́ ẹ, kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Ibojì tí a ń pè ní tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rí, àwọn ènìyàn a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá gbàdúrà níbẹ̀, Ìmàle àti Kristẹni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wí pé òun ni ayaba Ṣébà tí ó lọ bá Sólómọ́nì.

Níhìn-ín ni a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Sólómọ́nì jọba ní ìwọ̀n 900 ọdún ó lé kí a tó bí Olúwa wa. Àwọn tí Gérard Chouin ṣáájú wọn wú ilẹ̀ Erédò wò, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí 1370 sí 1420 ni a gbẹ́ ẹ. Ó ju 2,000 ọdún lọ láàárín àwọn méjèèjì. Ìtàn ayaba náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó gba ọlá lọ́wọ́ àwọn baba wa tí wọ́n fi ọkọ́ àti agbọ̀n ko erùpẹ̀ náà, ó sì gbé e fún àlejò. Ti opó náà ńkọ́? Àwa kò rí ìdí tí a ó fi já a ní koro.

Ní 1995 ni ìjọba Nàìjíríà fi orúkọ Erédò sínú ìwé ìdúródè àwọn ibi tí UNESCO lè gbà fún gbogbo ayé. Ní 1999, Patrick Darling, ará Ìlú Òyìnbó tí ó ti rìn ín káàkiri tí ó sì wọ̀n ọ́n, mú kí òkìkí rẹ̀ kàn. Síbẹ̀ ìwé ìdúródè kì í dí ẹnu ọkọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ ti la odi náà já, àgbẹ̀ ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, àwọn tí ń wa iyẹ̀pẹ̀ fún ilé kíkọ́ sì ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Àwa ará Mowé àti Ìbafo mọ bí ilẹ̀ ti í yí padà kíákíá nígbà tí àwọn olùtà pulọ́ọ̀tì bá dé.

Ìjọ pàápàá ń ra ilẹ̀. Nítorí náà a bẹ gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ tí ń wá ibi tí wọn ó kọ́ ilé sí ní agbègbè Ìjẹ̀bú pé, kí wọ́n tó san owó, kí wọ́n bi àwọn àgbà ibẹ̀ bóyá odi náà gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá gba ibẹ̀, kí wọ́n wá ilẹ̀ mìíràn.