Ìkọlù orí Íntánẹ́ẹ̀tì ní Liberia (2016)

Ìkọlù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2016 ní Liberia jẹ́ ọ̀wọ́ ìkọlù sí Lonestar Cell MTN, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Monrovia. Ó ṣe pàtàkì nínú ìtàn ààbò ìwífún nítorí ó fi hàn pé ilé-iṣẹ́ lè dáàbò bo gbogbo kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ewu sì ti ara ẹ̀rọ ẹlòmíràn wá bá a.

Ìlànà àgbáyé ISO/IEC 27001, tí ó jáde ní 2005, là á sílẹ̀ pé kí àjọ wá ààbò kúrò lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì àti irú rẹ̀. Láti mú èyí ṣẹ, àwọn àjọ a máa fi sọ́fítíwíà ààbò sórí kọ̀ǹpútà àti fóònù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Sọ́fítíwíà náà a máa dá fáírọ́ọ̀sì dúró, a sì máa pa àkọsílẹ̀ mọ́ fún àwọn olùyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà àti ráútà inú ilé kì í sábà ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì ṣì ń lo ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí wọ́n bá ti ilé-iṣẹ́ wá.

Ọ̀nà yìí ni Mirai gbà. Ó ń dán nǹkan bí ọgọ́ta ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé wò lára irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, èyí tí ó bá ṣí sì di ẹrú rẹ̀. Wọ́n tú àṣírí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síta ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Daniel Kaye, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí òṣìṣẹ́ àgbà kan ní Cellcom, abánidíje Lonestar, háyà ní 2015, tún un ṣe, ó sì fi ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ààbò kó ogun tirẹ̀ jọ. Gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn ní Britain ti wí, Cellcom fúnra rẹ̀ kò mọ̀ sí i. Ní oṣù Kọkànlá 2016, ìbéèrè tí ẹ̀rọ wọ̀nyí rọ́ lu Lonestar pọ̀ débi pé íntánẹ́ẹ̀tì Liberia ń mẹ́hẹ. Ohun tí àwọn ènìyàn rà láti fi ṣọ́ ilé wọn di ohun ìjà.

Ìdáàbòbò ná Lonestar tó 600,000 dọ́là, ọ̀pọ̀ oníbàárà sì fi í sílẹ̀. Wọ́n mú Kaye ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejì 2017. Ní oṣù Kìíní 2019, ilé ẹjọ́ kan ní London rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ.

Lẹ́yìn náà, ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù náà lé àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ lórí. Ìlànà ETSI EN 303 645 ti Yúróòpù, tí ó jáde ní 2020, lòdì sí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé kan náà fún gbogbo ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2024, èyí ti di òfin ní Britain.