Kí Ilẹ̀kùn Tó Ṣí: Ìtàn Ilé Rírà ní Dallas àti Agbègbè Rẹ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ó ṣòro kí ọmọ Yorùbá péjọ ní Dallas yìí, ì báà ṣe ìsọmọlórúkọ, ì báà ṣe òkú àgbà, kí ọ̀rọ̀ ilé rírà má jẹ yọ kí a tó kó àwo ìrẹsì kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ti ra tirẹ̀ ní Frisco yóò máa sọ fún ẹni tó ń háyà ní Garland pé inú omi ló ń da owó rẹ̀ sí. Ẹnì kan yóò ní Celina ni kí a sáré lọ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó di wúrà. Òmíràn yóò ní Celina ti wọ́n jù, Princeton ló kù. Wọn kò purọ́. Àjọ tó ń ka ènìyàn ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú gbogbo ìlú tí olùgbé ibẹ̀ tó 20,000, Celina ló dàgbà kíákíá jù lọ láàrin 2022 sí 2023. Ó fi ìdá 26.6 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Princeton gba ipò náà pẹ̀lú ìdá 30.6. Ìhà àríwá Dallas ni àwọn méjèèjì wà, níbi tó jẹ́ pé oko ló kún ibẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí.

Nígbà tí àwọn àgbà wa tó ti pẹ́ níhìn-ín bá ń sọ bí wọ́n ti ṣe é, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé àwọn ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn ṣiṣẹ́ òru, àwọn kó owó jọ, àwọn sì ra ilé. Òótọ́ ni, àwa náà ń rí i bí wọ́n ti ń jáde nílé ní ìdájí. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni gbólóhùn tí àwọn kan máa ń fi tì í, pé bí àwọn aláwọ̀ dúdú tí a bá nílé bá ti ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn náà ìbá ti nílé lórí. A kò gbà. Ẹni tó bá wo ìtàn ìlú yìí yóò rí i pé fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, owó nìkan kò tó láti fi ra ilé ní Dallas.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ènìyàn ní ilẹ̀ níbí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1841 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Neely Bryan dó sí etí odò Trinity, lórí ilẹ̀ tí àwọn Caddo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé kí òyìnbó tó lé wọn. Texas dá dúró gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè nígbà náà, kò tíì di ara Amẹ́ríkà. Lọ́dún kan náà, ìjọba rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan tí à ń pè ní Peters Colony láṣẹ láti kó ènìyàn wá tẹ ibẹ̀ dó. Ọkùnrin tó bá ní ìdílé yóò gba éékà 640. Àpọ́n yóò gba 320. Ta ni wọ́n fún? Ìwé òfin Texas ti 1836 ti là á sílẹ̀ pé ọmọ Áfíríkà tó ní òmìnira kò gbọdọ̀ fi Texas ṣe ibùgbé àfi bí ilé aṣòfin bá gbà fún un. Àwọn tó kù nínú wọn, ẹrú ni wọ́n. Ẹni tí à ń rà, tí à ń tà, báwo ni yóò ti ṣe ra ilẹ̀?

A gbọ́dọ̀ fi ti Texas fún un níbì kan. Ní 1839 ni wọ́n ṣe òfin pé olówó kò lè torí gbèsè gba ilé tí ènìyàn ń gbé mọ́ ọn lọ́wọ́. Òfin náà wà títí di òní, ṣùgbọ́n kò bo owó tí ènìyàn yá láti fi ra ilé náà gan-an, kò sì bo owó orí ilé. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn tó ń sáré lọ sí Celina pé owó orí ilé ní Texas kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìjọba kì í gba owó orí lórí owó oṣù níbí, orí ilé ni wọ́n ti ń gbà á.)

Ìlú kékeré ni Dallas jẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tó sọ ọ́ di ńlá ni ojú irin, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà rí i dùn ún gbọ́. Ojú irin tó ti Houston bọ̀ fẹ́ gba ibòmíràn kọjá. Àwọn ará Dallas fún ilé-iṣẹ́ náà ní owó àti ilẹ̀ kí wọ́n lè yà sọ́dọ̀ wọn, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì wọ ìlú ní 1872. Èkejì, Texas and Pacific, tó ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, tún fẹ́ gba ìhà gúúsù lọ. Aṣojú Dallas ní ilé aṣòfin rọra fi gbólóhùn kan há inú òfin pé ojú irin náà gbọ́dọ̀ dábùú tàkọ́kọ́ níbi tí kò ju máìlì kan lọ sí Browder Springs. Àwọn aṣòfin yòókù dìbò fún un láìbéèrè ibi tí Browder Springs wà. Àṣé ìsun omi tí àwọn ará Dallas ń mu ni! Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ojú irin máa fi mọ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ní 1873 ọkọ̀ wọn dé. Ní 1880 ènìyàn 10,358 ló wà ní Dallas. Ní 1890 wọ́n ti di 38,067, kò sì sí ìlú tó tóbi tó o ní Texas lọ́dún náà. A sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ìlú kì í dàgbà fúnra rẹ̀. Àwọn kan ló ń jókòó pinnu ibi tí yóò gbà dàgbà, àwọn tó bá sì mọ̀ ṣáájú ló ń ra ilẹ̀ ẹ̀bá ojú irin.

Àwọn tó gba òmìnira ní 1865 náà fẹ́ ilẹ̀. Wọ́n tẹ abúlé tiwọn dó ní ẹ̀yìn ìlú. Ọ̀kan ni Freedman's Town ní ìhà àríwá, tí itẹ́ òkú wọn ti wà láti 1869. Òmíràn ni Joppa létí odò Trinity. Òmíràn tún ni Tenth Street ní Oak Cliff. Ibi tí omi ti ń kún, tí ojú irin ti ń pariwo, tí ẹlòmíràn kò fẹ́, ni wọ́n sábà máa ń rí rà. Ní 1916 àwọn olùdìbò Dallas fọwọ́ sí òfin tó pín àdúgbò sí ti funfun àti ti dúdú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Louisville, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lé jáde lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló gbà wọlé. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ ta ilé náà fún aláwọ̀ dúdú láéláé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FHA sílẹ̀ ní 1934, kí ó lè máa dúró fún ènìyàn lọ́dọ̀ bánkì, àdúgbò dúdú ni wọ́n fi àwọ̀ pupa kùn lórí àwòrán ilẹ̀, pé ewu ńbẹ níbẹ̀. Bánkì kò yá ẹni tó ń gbé inú àwọ̀ pupa lówó. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni South Dallas. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ènìyàn pọ̀ nílùú, ilé kò tó. Ìfẹ̀sí pápákọ̀ òfurufú Love Field pẹ̀lú lé àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò ní àdúgbò Elm Thicket. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ nínú wọn, olùkọ́, òṣìṣẹ́ ojú irin, oníṣòwò, bẹ̀rẹ̀ sí ra ilé ní òpópónà tí òyìnbó ń gbé ní South Dallas. Òfin ti wà lẹ́yìn wọn: ní 1948 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé kò sí ilé-ẹjọ́ tó gbọdọ̀ mú àdéhùn inú ìwé ilẹ̀ yẹn ṣẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1950 títí di àárín 1951, ẹ̀ẹ̀mejìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ju àdó olóró sí ilé wọn lóru. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyẹn, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1940 sí 1941. Orí ló kó wọn yọ tí ẹnikẹ́ni kò kú. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde, wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi.

Ní 1950 yẹn gan-an ni ìyá kan tí ń jẹ́ Juanita Craft ra ilé ní 2618 Warren Avenue, ní àdúgbò kan náà. Kì í ṣe ẹni tó ní ọrọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ aránṣọ, ó sì ti ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹgbẹ́ NAACP ló ń ṣiṣẹ́ fún, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú ilé náà, ó ń kọ́ wọn bí a ti í fi sùúrù bá ìjọba jà. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà ńlá ọdọọdún Texas ní 1955 láti kọ ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún dúdú. Ó wọ ìgbìmọ̀ ìlú Dallas ní 1975, ó sì kú ní 1985. Àwa tí a máa ń ka ilé sí ibi ìsinmi, ó yẹ kí a mọ̀ pé àwọn kan ra ilé tó jẹ́ ojú ogun.

Lẹ́yìn àdó olóró wọ̀nyí, àwọn olówó Dallas fẹ́ kí àlàáfíà wà, nítorí ariwo kò dára fún òwò. Wọ́n dìde láti kọ́ àdúgbò tuntun fún dúdú ní ìhà àríwá. Àjọ Hoblitzelle yá wọn lówó ilẹ̀, wọ́n sì ṣí Hamilton Park ní 1954, wọ́n fi orúkọ dókítà dúdú kan, R. T. Hamilton, pè é. Ilé tó lé ní 700 ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Àwọn kan bú u pé ọgbọ́n láti fi pa dúdú mọ́ ojú kan ni, a kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ ibẹ̀ tún un ṣe, wọ́n tọ́ ọmọ níbẹ̀, ilé sì di ogún fún àwọn ọmọ náà.

Ní ẹ̀yìn 1960 sí 1970, ìjọba ìlú tún gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fair Park kí ọkọ̀ lè ríbi dúró sí. Àwọn onílé pariwo pé owó tí wọ́n fún àwọn kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Èkó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Olóyè Olúwa ní Àpápá, wọ́n ní kì í ṣe òun ló ni ín. Amodu Tijani Olúwa kò gbà. Ní 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay, ní 1921 ìgbìmọ̀ Privy Council sì dá a láre pé ìdílé ló ni ilẹ̀, kí ìjọba sanwó rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé Olúwa ní ìdílé àti ìlú lẹ́yìn tó lè sọ pé ilẹ̀ baba àwọn ni láti ìṣẹ̀dálẹ̀. Ọmọ ẹrú tó ra ilé ní South Dallas kò ní ju ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Ọdún méjì ló wá yí nǹkan padà. Ní 1965 Amẹ́ríkà tún òfin ìwọ̀lú ṣe, ó di pé ọmọ Áfíríkà lè wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 1968, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, wọ́n fọwọ́ sí òfin tó ní a kò gbọdọ̀ fi àwọ̀ du ẹnikẹ́ni ní ilé tó fẹ́ rà tàbí tó fẹ́ háyà. Ẹ wo bí ó ti ṣe déédéé: àwọn ọmọ Yorùbá tó wá kàwé ní Texas láàrin 1970 sí 1980, tí wọ́n sì jókòó, bá ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ti fi èjìká ṣí. Ìgbà yẹn náà ni àwọn abúlé àríwá ń di ìlú. Plano tó ní ènìyàn 3,695 ní 1960 ti ní 72,331 ní 1980. Frisco kò ju 6,141 lọ ní 1990. Ní 2020 ó ti di 200,509. Ojú irin ló bí Frisco pẹ̀lú, ní 1902. Àwọn ará Lebanon tó wà nítòsí gbé ilé wọn ka orí igi rìbìtì, wọ́n yí i wá sẹ́bàá ojú irin. Lónìí ọ̀nà mọ́tò tó ń gba owó ni wọ́n ń tẹ̀ lé, àwọn tiwa sì wà láàrin wọn. Ìjọ Redeemed pàápàá ti ra ilẹ̀ púpọ̀ ní abúlé Floyd, ní ìlà-oòrùn àríwá Dallas, wọ́n sì fi ṣe ibùdó ìpàdé wọn.

Ẹjọ́ kò tíì tán ṣá o. Ní 2015, ẹjọ́ kan láti Dallas lórí ibi tí wọ́n ń kọ́ ilé fún àwọn tí kò lówó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin sì sọ pé bí ìṣe kan bá ń ya dúdú sọ́tọ̀, a lè pe ẹjọ́ lé e lórí bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó jẹ́wọ́ ìkórìíra. Ní 2021 ni Texas ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin tó mú un rọrùn láti pa ọ̀rọ̀ burúkú wọ̀nyẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé ilẹ̀. Wọn kò ní agbára mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá fẹ́ ra ilé àtijọ́ ní Dallas, kí ó ní kí wọ́n fún òun ní gbogbo ìwé ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì kà á tán kí ó tó fọwọ́ sí i. Ilé Ìyá Craft ní Warren Avenue ti di ilé ìtàn, kò jìnnà sí Fair Park. Ọkọ̀ ojú irin DART ń dúró nítòsí ibẹ̀.