Láti Orí Ọ̀nà Dé Orí Orúkọ: Ìtàn Bí DNS Ṣe Mú Ìrìn Lẹ́tà Orí Kọ̀ǹpútà Rọrùn fún Ilé-iṣẹ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ni à ń wò kí a tó mọ ilé. Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń dá ara wọn mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ni ènìyàn lè rántí. Ètò tí ó ń wá nọ́ńbà fún orúkọ ni à ń pè ní DNS. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àǹfààní DNS kọjá ìrántí orúkọ: ó gbé ẹrù mímọ ọ̀nà kúrò lórí ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà, ó sì gbé e ka orí ẹni tí ó ni orúkọ.

Ìgbà tí Akọ̀wé Ní Láti Mọ Ọ̀nà

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n ṣe ètò UUCP ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà kan a pe èkejì lórí tẹlifóònù, a sì fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà ni yóò to orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà náà yóò gbà kọjá, pẹ̀lú àmì ìyanu (!) láàárín wọn. Ó dà bí ìgbà tí ará Oǹdó tí ó ń kọ̀wé sí Ìlọrin bá ní láti kọ Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo àti Ògbómọ̀ṣọ́ sára àpòòwé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá daṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà há sọ́nà nìyẹn.

Ní ti ARPANET, ìwé orúkọ kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni gbogbo wọn gbára lé. Ọ́fíìsì tí Elizabeth Feinler ṣe olórí rẹ̀ ní SRI, Menlo Park, ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pọ̀ sí i, ìwé kan kò lè gba gbogbo ayé mọ́.

Àtúntò Ọdún 1983 sí 1987

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé ètò DNS jáde nínú RFC 882 àti 883. RFC 1034 àti 1035 rọ́pò wọn ní 1987. Kókó rẹ̀ ni pípín àṣẹ: olórí ẹbí kọ̀ọ̀kan ni yóò máa sọ àwọn ọmọ tirẹ̀ lórúkọ.

Ní oṣù Kínní ọdún 1986, Craig Partridge ṣàlàyé nínú RFC 974 bí lẹ́tà yóò ṣe máa tẹ̀lé ètò náà. Ilé-iṣẹ́ yóò kọ àkọsílẹ̀ MX, tí ó ń sọ kọ̀ǹpútà tí ó ń gba lẹ́tà rẹ̀. Bí ó bá kọ 10 sí ọ̀kan àti 20 sí èkejì, ẹni 10 ni a ó kọ́kọ́ kàn; bí kò bá dáhùn, a ó lọ sọ́dọ̀ ẹni 20. Akọ̀wé kò mọ ìkankan nínú èyí, kò sì pọn dandan kí ó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe DNS ni ó ń gbé lẹ́tà rìn o. Ẹ̀rọ ráútà ni ó ń ṣe ìyẹn. DNS kàn ń sọ ibi tí à ń lọ ni.

Ní Ilé Tiwa

Ọdún 1995 ni Nàìjíríà gba orúkọ .ng. Ìyáàfin Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology, Èkó, ni alábòójútó rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n dá NiRA, tí ó ń bójú tó o báyìí, sílẹ̀ ní 2005. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gba orúkọ lábẹ́ .edu.ng ni yóò máa kọ àkọsílẹ̀ tirẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí akọ̀wé kò pòórá. Ọrùn onílé ni ó wà. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àkókò tí àwọn ẹlòmíràn lè fi tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ pààrọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́tà rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ dín àkókò yìí kù, kí ó dúró kí ẹ̀dà àtijọ́ gbó tán, kí ó tó yí àkọsílẹ̀ padà. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí a ti kó kúrò. Kò yẹ kí ó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò mọ kọ́kọ́rọ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, nítorí bí ẹni náà bá fẹ̀yìn tì, orúkọ lè bá a lọ.