Òkun Kì í Hó Ruru Ká Wà á Ruru

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Oníwàdùwàdù là ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún, yálà ọ̀rọ̀ ilé ni tàbí ti òwò, àmọ́ ọ̀rọ̀ atukọ̀ ni. Lẹ́nu atukọ̀, àsìkò ló ń wí: ìgbà wo la ó ti ọkọ̀ sómi, ìgbà wo la ó dúró sí èbúté?

Ìjì kì í dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kíkún àti fífà òkun ní tirẹ̀ ṣeé kà lọ́wọ́. Òṣùpá ló ń fi agbára òòfà fà á. Omi tó kọjú sí òṣùpá ló ń fà jù, ilẹ̀ ayé ló tẹ̀ lé e, omi tó wà ní òdìkejì ló sì ń fà kéré jù. Bí omi ṣe ń ga ní ìhà méjèèjì nìyẹn. Bí ayé ti ń yí, ọ̀pọ̀ etíkun á kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 síra wọn. Oòrùn náà ń fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tirẹ̀ láti mú omi ga kò tó ìdajì ti òṣùpá. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tàbí tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, àwọn méjèèjì á pawọ́ pọ̀: omi á kún gan-an, á sì fà jìnnà.

Ní Èkó, ìyàtọ̀ kíkún àti fífà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní Normandy, nílẹ̀ Faransé, ó lè lé ní mítà 6, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, Bírítéènì àti Kánádà fẹ́ gúnlẹ̀ sí lọ́dún 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti bá Jámánì jà. Rommel, ọ̀gágun Jámánì, ti ri irin àti òpó igi tí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ sínú iyanrìn etí omi. Bí omi bá kún bò wọ́n, wọn yóò fọ́ ọkọ̀ tó bá forí sọ wọ́n. Bí àwọn ọmọ ogun bá sì gúnlẹ̀ lẹ́yìn tí omi ti fà tán pátápátá, wọn yóò máa sá lórí iyanrìn gbalasa lójú ìbọn. Kò sí ìgbà míì tó dára ju kété tí omi bá ti ń padà bọ̀, kí ilẹ̀ sì ti mọ́.

Arthur Doodson, onímọ̀ ìṣirò tí etí rẹ̀ di, ló bá wọn ṣírò rẹ̀ ní Bidston, nítòsí Liverpool. Ẹ̀rọ onírin tó kún fún àgbá kẹ̀kẹ́ ló lò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yí gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú ìrìn òṣùpá tàbí ti oòrùn, okùn kan á sì gba orí gbogbo wọn kọjá láti ro wọ́n pọ̀. Wọn ò sọ orúkọ etíkun tí wọ́n fẹ́ gúnlẹ̀ sí fún un. “Position Z” ni wọ́n kọ sórí ìwé.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló bá ìṣirò mu: 5, 6 àti 7 oṣù Òkúdù. Nígbà tí ìjì ba ọjọ́ 5 jẹ́, Eisenhower, ọ̀gágun tó ń darí wọn, sún un di ọjọ́ 6. Àwọn Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ ní aago 6:30. Ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí omi ti ń pẹ́ kó tó padà bọ̀, àwọn Bírítéènì dúró di aago 7:25. Ká ní wọ́n pàdánù ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, nǹkan bí ọjọ́ 19 oṣù náà ni omi ìbá tún bá wọn mu, ọjọ́ 19 náà gan-an sì ni ìjì ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í jà níbẹ̀, tó fi fọ́ èbúté tí àwọn Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sórí omi.